Ẹyẹ Tí Ìyàwó Mi Nìkan Ń Gbọ́

Igi kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Wythenshawe, ní ìlú Manchester, tó dàgbà ju gbogbo ilé àdúgbò náà lọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tó kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀, ọgbà olówó kan ni ibẹ̀. Olówó náà gbin igi tó wá láti òkè òkun, kí àwọn àlejò rẹ̀ lè mọ̀ pé òun náà ti rìn jìnnà. Olówó ti lọ, ọgbà ti lọ, igi ló ṣẹ́kù. Èèpo rẹ̀ pupa bí ilẹ̀pa, ó sì rọ̀ bí tìmùtìmù. Tí o bá fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú, kò ní dùn ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí mo ti lù ú, lọ́jọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì kọ "ó fani mọ́ra" sí etí ìwé tí mo fi odidi ẹ̀ẹ̀rùn kọ, tí kò sì kọ nǹkan mìíràn.

Ara igi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi ń fọ abọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, ó sì ṣí fèrèsé kíṣìnnì díẹ̀ kí ooru lè jáde. Ó dédé ti ẹnu ẹ̀rọ omi.

"Ṣé o gbọ́ yẹn?"

"Kí ni?"

"Bí ìgbà téèyàn fi abẹ́rẹ́ ha gíláàsì. Ó tún ṣe é. Ṣé o gbọ́?"

Mo tẹ́tí. Mo gbọ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀. Mo gbọ́ fíríìjì. Mo gbọ́ ará ilé kejì tó ń bú ajá rẹ̀. N kò gbọ́ abẹ́rẹ́ kankan.

"Etí ló ń hó ọ," ni mo wí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ gbé ikùn rẹ̀. "Bó ṣe ké báyìí," ó ní, "ni ọlẹ̀ sọ."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa ikùn náà. Oyún kejì ni. Àkọ́kọ́ wálẹ̀ nígbà tí a ń gbé ní Bury, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ẹni tó rí wa nígbà náà ló ń ṣe àdúrà tí a máa ń ṣe fún aboyún: a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ní Bury, ohùn ìyá nìkan la gbọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Kódà, ìwé oyè ọ̀mọ̀wé tí mò ń kọ, lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn ló dá lé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹ̀fẹ̀ kan tó lè gba inú yàrá Bury yẹn kọjá.

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí èmi kò gbọ́, n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ẹni tó ń rí òjìji kiri. Tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, á jókòó ti fèrèsé, èmi náà á jókòó tì í. Á gbé ìka sókè. "Ó tún ké." Á gbé ọwọ́ lé ikùn. "Ó ti dá a lóhùn." Èmi á máa wo ìka yẹn bí adití ṣe ń wo ẹni tó ń kọrin. Létí mi, gbogbo ẹ̀yìnkùlé dákẹ́ bí omi inú kànga.

Lẹ́yìn náà ni mo rí èèpo igi tó ń rìn.

Mò ń gbé bíìnì ìdọ̀tí jáde. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, ìyẹn ni pé ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n tán ni, nítorí oòrùn Manchester nígbà òtútù dà bí òṣìṣẹ́ ìjọba: bó ṣe ń dé ló ti ń wo aago. Mo rí i tí ẹyọ kan lára èèpo igi náà, tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ya ara rẹ̀ kúrò lára ìyókù, ó sì ń gòkè. Kò fò. Kò rìn bí ẹyẹ. Ó ń gun igi bí èkúté, ó ń yí i ká, ó wọ ẹ̀yìn igi lọ, ó tún yọ lódìkejì, lókè díẹ̀ sí ibi tó ti wọlé. Tó bá dúró, kò sí mọ́. Mo ń wo ojú ibẹ̀ gan-an, kò sì sí mọ́.

Mo jẹ́ ẹni tó kàwé. Mo sáré wọlé.

Aládùúgbò wa ló là mí lójú, bàbá òyìnbó kan tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó máa ń dúró ti ọgbà bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó rí i pé mò ń yọjú wo igi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó pè mí ní "love", bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo èèyàn níbí, àti awakọ̀ àti ẹni tí awakọ̀ ń lé jáde nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní treecreeper ni. Èmi ń pè é ní agùngi nínú ọkàn mi, nítorí kò ní orúkọ lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ìdí tí yóò fi ní in. Kò dé ọ̀dọ̀ wa rí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, dípò kí n kọ ìwé mi, agùngi ni mo lọ kà nípa rẹ̀ ní ilé ìkàwé. Ìrù rẹ̀ le bí irun búrọ́ọ̀ṣì, òun ló fi ń ti ara rẹ̀ mọ́ igi. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò. Òun ló fi ń yọ aláǹtakùn àti kòkòrò àti ẹyin kòkòrò láàárín èèpo. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ èèpo igi gẹ́lẹ́. Àyà rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n igi nìkan ló ń rí àyà rẹ̀. Òkè nìkan ló ń lọ. Tó bá dé òkè, á já bọ́ bí ewé sí ìdí igi mìíràn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àkókó ilé wa, ẹyẹ ọmọlúwàbí ni. Ó ń kan ilẹ̀kùn. Èyí kì í kan nǹkan kan. Nígbà òtútù, á gbẹ́ ihò kékeré sára èèpo tó bá rọ̀, ihò tó bá ara rẹ̀ mu bí pósí ṣe ń bá òkú mu. Á dúró sínú rẹ̀ lóòró, á kọjú sí igi, á fẹ ìyẹ́, á sì sùn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ sí gbogbo ayé.

Ohùn rẹ̀ tún ga débi pé bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, etí èèyàn á pàdánù rẹ̀. Èmi kò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sùn ti jẹnẹrétọ̀, mo sì ti jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n rò pé Ọlọ́run ni etí Rẹ̀ di.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" mo bi bàbá náà. "Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ?"

"Èmi? Rárá o. Ìyàwó mi ló máa ń sọ fún mi pé ó ń ké. Látìgbà tó ti lọ, mo kàn ń wo ẹnu ẹyẹ náà ni. Ó máa ń la ẹnu, nǹkan kan kì í sì í jáde." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwọ náà kò gbọ́. Mo rí i lójú rẹ."

Lóṣù kọkànlá ni ìyá ìyàwó mi dé láti wá dúró de ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì ń wo gbogbo yàrá bíi pé ó fẹ́ pe orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un lórí kápẹ́ẹ̀tì, láàárín ẹ̀rọ ìgbóná àti àga. "Dókítà," á ní, "ṣé o jí ire?" Ó mọ̀ dáadáa pé n kò tíì di dókítà. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Dídé rẹ̀ tún yí ipò mi nílé padà. Tó bá ku èmi àti ìyàwó mi, "o" ni mo jẹ́. Níwájú ìyá rẹ̀, mo di "ẹ": ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e, ẹ̀yin lẹ mọ̀. N kò rò pé mo níyì tó bẹ́ẹ̀ rí, láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí.

Bóyá iyì yẹn ló gùn mí lọ́jọ́ tí mo la ẹnu sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Ìyàwó mi tún gbé ìka sókè, ìyá rẹ̀ sì béèrè ohun tó ń gbọ́. Mo gbé ṣíbí ẹ̀wà dúró lágbede méjì.

"Mo ti wádìí rẹ̀ délẹ̀, mà," ni mo wí. "Kò sí nǹkan kan rárá. Ẹyẹ ni."

Èdè òyìnbó ni mo fi rò ó kó tó di Yorùbá lẹ́nu mi, ibẹ̀ sì ni mo ti ṣìnà. Lọ́dọ̀ òyìnbó, tí nǹkan bá dún lókùnkùn, tí wọ́n sọ fún ọ pé ẹyẹ ni, wàá padà lọ sùn. Lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá béèrè ohun tó ń ṣe aboyún, tí ọkọ rẹ̀ sì dáhùn pé "ẹyẹ ni", àwọn àgbà obìnrin á máa tún gèlè wé. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ara mi.

Màmá gbé ṣíbí tirẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹyẹ."

"Ẹyẹ lásán, mà."

"Ta ló ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, mà. Ẹyẹ igbó ni. Kòkòrò ló ń jẹ."

"Ẹyẹ tí kò sẹ́ni tó ni ín. Ó ń ké, ọmọ inú ń dá a lóhùn. Ọkọ kò gbọ́. Èmi tí mo bí ìyá ọmọ, n kò gbọ́." Ó yíjú sí mi. "Dókítà, ohun tí wọ́n ń kọ́ yín lókè yẹn nìyẹn?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun," ni ìyàwó mi wí.

"Mò ń jẹun. Èmi kì í gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ o! Sáyẹ́ǹsì ni mo fi kọ́ ọmọ olọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí…"

Kò parí òwe náà, nítorí ìyàwó mi ti dìde kúrò nídìí tábìlì.

Láti ọjọ́ náà ni pínnì ti wọlé. Màmá fi pínnì há ara aṣọ alẹ́ ọmọ rẹ̀, ó fi há kóòtù rẹ̀, ó fi há yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún aboyún nílé kí ohun tí kò dára má baà wọ inú rẹ̀. Ní ọsibítù, ọ̀gá wọn ní kí ó yọ ọ́ nítorí ààbò. Màmá ní nítorí ààbò náà lòun ṣe fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gba òróró àdúrà lọ́wọ́ pásítọ̀ wa, ẹni tí pátákó rẹ̀ pè ní Wòlíì, Àpọ́sítélì àti Ọ̀mọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kí i kú oríire ọ̀mọ̀wé náà nínú ọkàn mi. Ó kéré tán, tirẹ̀ ti parí.

Ọdún yí padà. Òtútù le débi pé koríko ń ró lábẹ́ bàtà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi dúró ti fèrèsé, ó sì pẹ́ tí kò gbé ìka sókè.

"Kò ké mọ́," ó wí. "Láti ìjẹta ni n kò ti gbọ́ ọ."

"Kò lè ké mọ́," ni Màmá dáhùn láti orí àga. "Mo ti dí i."

A yíjú sí i.

"Mo rí ojúbọ wọn lára igi yẹn. Ihò kékeré báyìí, wọ́n sì ti da ẹfun sísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣàn bọ̀. Mo rẹ òwú sínú òróró, mo fi dí ihò náà, mo sì fi pínnì gún un mọ́bẹ̀ ní orúkọ Jésù. Ó tán."

Ìgbẹ́ ẹyẹ ni ẹfun. Ihò tó ń sùn sí ni ojúbọ. Mo ti ń to gbólóhùn tí mo fẹ́ fi fèsì pọ̀ nínú ọkàn mi, gbólóhùn tó dùn gan-an, nígbà tí mo rí ojú ìyàwó mi. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn, ó ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Màmá," ó ní. "Òun náà ti dákẹ́."

"Ta ni?"

"Láti òwúrọ̀. Mo rò pé ó ń sùn ni." Ó kọjú sí mi. "Dìde. Mú kóòtù rẹ. Dìde ńlẹ̀ yẹn!"

"O" ni ó pè mí níwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì bá a wí.

Ọkọ̀ takisí gbé wa gba Oxford Road, láàárín àwọn bọ́ọ̀sì tó tò bí màlúù, a kọjá yàrá tí mo ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìtumọ̀ ẹ̀rín, a sì bọ́ sílẹ̀ ní ọsibítù ńlá Chorlton-on-Medlock. Agbẹ̀bí kan tó dàgbà díẹ̀ fi nǹkan tútù pa ikùn ìyàwó mi, ó gbé ẹ̀rọ lé e. Ẹ̀rọ náà ń ṣe ṣááá bí rédíò tí kò mú ibùdó kankan. Agbẹ̀bí náà gbé e sápá òsì. Ṣááá. Ó gbé e sísàlẹ̀. Ojú ìyàwó mi ni mò ń wò, nítorí ojú rẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ohun tó wà láyé tí etí mi kò mú. Ojú náà ṣófo. Mo wá rò ó pé bóyá ohùn ọmọ mi ti ń dún nínú yàrá náà láti ìgbà tí a ti wọlé, pé ó ga ju etí mi lọ, pé ẹnu rẹ̀ là, tí nǹkan kan kò sì jáde.

Lẹ́yìn náà ló dé. Gbì, gbì, gbì, gbì, bí ẹsẹ̀ ẹṣin lórí ilẹ̀ líle. Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Mo gbọ́ ọ. Màmá náà gbọ́ ọ, ó di irin ibùsùn mú, ó ń sọ ọ́ sábẹ́ ahọ́n pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Agbẹ̀bí náà ní ọkàn ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n ọmọ kò tíì mira, wọ́n á sì dá ìyá rẹ̀ dúró títí yóò fi mira. Mo bi í, pẹ̀lú ìtìjú, bóyá ọmọ inú lè gbọ́ ẹyẹ tó wà níta. Ó ní ohùn tó tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ kì í la ara kọjá. Ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọkọ tí ẹ̀rù ti bà kọjá ààlà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ìyàwó mi pé èmi àti Màmá fẹ́ lọ kó aṣọ rẹ̀ wá. Ó di kọ́là mi mú.

"Lọ yọ òwú yẹn," ó ní. "Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Nọ́ọ̀sì ni mí. Lọ yọ ọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ti dé nígbà tí èmi àti Màmá dé ìdí igi. Ihò náà kò ga ju àyà mi lọ. Òwú tó wà nínú rẹ̀ ti dì pẹ̀lú òróró. Mo yọ pínnì, mo fà á, gbogbo rẹ̀ jáde ní ẹyọ kan, bí eyín. Mo fi ìka kan inú ihò náà. Ó dán, ó rí bí ẹ̀là ẹyin, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan tó sùn síbẹ̀ láti ìjẹta. Mo yọ ìka mi kíá.

A fà sẹ́yìn, a dúró. Màmá wọ kóòtù mi lé orí kóòtù tirẹ̀. Ó pẹ́ kí èèpo ìdí igi tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó wọ ẹ̀yìn igi. Ó yọ. Ó dúró lẹ́bàá ihò, ó yí orí sí wa, ó sì la ẹnu.

"Ó ń sọ̀rọ̀," ni Màmá sọ jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló ń sọ?"

"N kò gbọ́, mà."

"Èmi náà kò gbọ́."

Fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni. "Ọlẹ̀ sọ," ó wí, ó ń sunkún. "Ó ń ta mí nípàá báyìí, kò sinmi. Ṣé o ti yọ ọ́?"

"Mo ti yọ ọ́."

"Ṣé ó ké?"

Mo wo ẹnu kékeré náà tó ń là, tó ń pa dé. "Mo rò bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé wọ́n ti fún un ní omi tútù mu, wọ́n ti ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì máa ń jí ọmọ. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Mo tún mọ bí ìdí igi yìí ṣe jìnnà tó sí ọsibítù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀gá ilé ìwé tó fi sáyẹ́ǹsì kọ́ ọmọ olọ́mọ tẹ orúnkún díẹ̀ nínú koríko tó dì. "Ẹ má bínú," ó sọ fún ẹyẹ tí kò tó àtàǹpàkò. "Ẹ̀yin náà, ẹ máa bá wa ṣọ́ ọ." Ẹyẹ náà wọ ihò rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó fẹ ìyẹ́, ó sì di èèpo igi.

Ìparí ìgbà òtútù la bí ọmọ náà, obìnrin ni. Ó ké, ariwo tó nípọn, tó burú, tí etí kankan kò lè pàdánù, mo sì dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀, mò ń sọ fún agbẹ̀bí pé mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ. Màmá padà sílé kí físà rẹ̀ tó parí. Ó fi pínnì náà sílẹ̀ fún mi. "Dókítà," ó ní, "o lè fi há ìwé rẹ tí kò tán."

Nísinsìnyí tí ewé ti yọ, mo máa ń gbé ọmọ náà sórí itan nídìí fèrèsé kíṣìnnì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á dá eré dúró, á sì yí ojú rẹ̀ sí igi náà, gbọn-ọn, bí ẹni tí wọ́n pè. Mo ti mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo máa ń wo ìyàwó mi, òun á sì gbé ìka sókè.

Lánàá, ọmọ náà yí ojú padà, mo wo ìyá rẹ̀. Ó ń da omi sínú ìkòkò. Ìka rẹ̀ kò gbéra.

"Ó ké?" mo bi í.

Ó ti ẹnu ẹ̀rọ omi, ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́.

"Rárá," ó wí. "Kò sí nǹkan kan."

Èèpo igi kò mira. Mo gbé ọmọ náà kúrò nídìí fèrèsé, ó sì yí ọrùn, ó ṣì ń wo igi náà bí ẹni tí wọ́n ń pè.